Ìka Mẹ́ta Láàárín Táyà àti Irin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi tí ẹ ń bi mí pé, “Bàbá, ṣé iṣẹ́ táyà dáa láti kọ́?”, mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń purọ́ fún ọmọdé. Iṣẹ́ náà dáa. Ó bọ́ èmi àti aya mi, ó sì rán ọmọ márùn-ún nílé ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ pálọ̀ mi, ẹ óò rí àwòrán àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo ti dá sílẹ̀, kálukú mú ìwé fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́, èmi ọ̀gá wọn dúró sí ẹ̀gbẹ́. Tèmi kò sí lára ògiri yẹn. Kì í ṣe pé ó sọnù o. Ọ̀gá mi kò dá mi sílẹ̀ títí ó fi kú. Ọmọ iṣẹ́ tí kò gba fírídọ̀ọ̀mù ni mo jẹ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi ń jẹ́ ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Ìkọ̀lé ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fátúyì. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, irùngbọ̀n sì ti ń yọ lágbọ̀n mi, wọn ò lè mú mi jókòó ti àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà. Bí bàbá mi ṣe fà mí lé e lọ́wọ́ àti ohun tí wọ́n gbé lọ, ẹ jẹ́ ká fò ó, gbogbo yín lẹ mọ bó ṣe ń rí.

Ọ̀nà ọlọ́dà ò tí ì pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìfàkì àti Ìdó, ilẹ̀ pupa ni. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, lọ́rì á rì dé ikùn, àwọn èrò á bọ́ sílẹ̀, wọn á máa tì í. Ìdí nìyí tí àwọn onílọ́rì fi ń wá bá ọ̀gá mi pé kó yọ táyà tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun, kó fi èyí tó ga tó sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, kí ọkọ̀ lè gòkè kúrò nínú ẹrẹ̀. Wọ́n rò pé kò ju ká tú nọ́ọ̀tì ká sì dì í padà. Àmọ́ táyà ńlá lábẹ́ ọkọ̀ tí wọn ò ṣe é fún dà bí ẹsẹ̀ àgbà nínú bàtà ọmọdé. Ibi tó bá ti ń kan ló máa bó. Táyà tó bá sì ń ha irin lára, bí irin ò bá gé e, yóò gbóná títí yóò fi bẹ́.

Ọ̀gá Fátúyì ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, kí n dijú, kí n máa gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá. “Òjó, ẹsẹ̀ èwo lafẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré?” Bí mo bá ṣì í, yóò ní kí n fi pọ́ọ̀ǹpù ọlọ́wọ́ fẹ́ táyà lọ́rì kan láti pẹlẹbẹ títí yóò fi le. Ẹni tó bá ti fẹ́ táyà bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé pàṣán sàn jù ú lọ.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀, ló máa ń gbé omi tútù wá fún mi nídìí ìyà yẹn. Màmá là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ọmọ Ùsì ni. Bí ọ̀gá bá ní kí n má jẹun lọ́sàn-án, ẹ óò rí i pé iṣu sísun kan yóò ti wà lábẹ́ agbọ̀n, èèyàn kò sì ní mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Bọ́sẹ̀, tó máa ń gun orí táyà àlòkù bí ẹni gun ẹṣin.

Nígbà tó yá, ó kọ́ mi ní ọ̀nà tó ń gbà so táyà ńlá, n kò sì tí ì rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Yóò lọ ẹfun, yóò pò ó mọ́ omi, yóò fi kun orí táyà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Yóò ní kí wọ́n di ẹrù kún ọkọ̀ náà bámúbámú, ẹrù gidi. Wọn á wà á gun orí ìtì igi kan nínú àgbàlá, wọn á yí sitíárìn dé òpin lápá ọ̀tún, wọn á tún yí i dé òpin lápá òsì. Ìgbà náà ni yóò tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ibi tó bá rí ẹfun, ibẹ̀ ni táyà ti ń kan. Yóò fi òòlù lu etí mọ́dúgáàdì padà, tàbí kó gé pákó tí wọ́n fi kan ara ọkọ̀, tàbí kó fi irin kan kún sípíríǹgì kí ọkọ̀ má baà jókòó lé táyà. Lẹ́yìn èyí, yóò ki ìka mẹ́ta bọ àárín táyà àti ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn. Bí ìka mẹ́ta ò bá wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí, ọkọ̀ yẹn ò níbi tó ń lọ.

Èyí tó kẹ́yìn ló le jù. Ẹni tó so táyà gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ rin ìrìn àkọ́kọ́, ní ìjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, lápá òsì, torí apá ọ̀tún ni sitíárìn ń wà nígbà náà, kó máa gbọ́. “Táyà á sọ̀rọ̀ kó tó pani,” ọ̀gá mi a wí. “Kí ẹni tó gbédè rẹ̀ wà ńbẹ̀.”

Ó ku oṣù mẹ́ta kí n gba fírídọ̀ọ̀mù nígbà tí Jímọ̀ gbé lọ́rì rẹ̀ wá pẹ̀lú táyà gíga mẹ́rin. Òun ló ni lọ́rì náà, òun ló ń wà á. Ìṣòro kan ni pé ọ̀gá mi fẹ́ lọ sìnkú arákùnrin ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́. Ó wò mí, ó ní, “Òjó, ṣe é bí mo ṣe kọ́ ọ.” Ó lọ. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Àárọ̀ Sátidé ni mo so wọ́n. Nígbà tí mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lápá òsì níwájú, mo rí bóòtù kan tí káfíńtà fi kan pákó ọkọ̀ náà, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì kọjú sí táyà. Orí bóòtù ló yẹ kó kọjú sí táyà, kì í ṣe ìrù. Ọ̀gá ti fi àbààrá kọ́ mi ní ìyẹn. Mo ki ìka bọ àárín wọn, mẹ́rin wọlé. Mo ní bí wọ́n bá di ẹrù tán, màá tún un wò.

“Bọ̀dá Jímọ̀,” mo ní, “ẹ lọ di kòkó yín, kí ẹ padà wá síbí ká gun orí igi.”

Jímọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Kí n di kòkó, kí n tún wá máa gun orí ugi kiri? Èrò ukórè ń dúró dè mí! Ọ̀gá rẹ ni dókítà, ùwọ nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì éè dá aláìsàn dúró.”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé ọ̀gá lèmi náà. Mo kun ẹfun, a wa lọ́rì náà gorí igi ní òfìfo, a yí sitíárìn sọ́tùn-ún sósì. Ẹfun ò kan ibì kankan. Báwo ló ṣe máa kan nǹkan, nígbà tí kò sí ohun tó tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, mo sì ní kó máa lọ.

Ó lọ di kòkó, ó kó èrò, ó padà wá gbé mi, n kò sì tún wọ abẹ́ ọkọ̀ wò mọ́. Mo ti jókòó síwájú kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ta ni mo rí lórí pákó, láàárín àpò kòkó àti ewúrẹ́ ẹni kan? Ìyá Bọ́sẹ̀ ni. Bọ́sẹ̀, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ti lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ùsì. Màmá ń lọ bá wọn ṣe ìkórè, kó sì mú ọmọ rẹ̀ wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, èwo nínú yín ló máa jókòó síwájú kí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ wà lórí pákó lẹ́yìn? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀.

“Màmá, ẹ bọ́ síwájú.”

“Òjó, jókòó ti uṣẹ́ rẹ jàre.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ojú ń tì mí.”

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gun iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọmọ dáadáa ni ọ́. Wàá rí uyàwó gidi fẹ́.” Mo sì gun ẹ̀yìn lọ jókòó síbi tó dìde.

Lẹ́yìn Ìtàpá, ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́, ó sì yà sápá ọ̀tún, gbogbo ẹrù ọkọ̀ bá fì sápá òsì. Orin ìkórè ń lọ, ewúrẹ́ ń ké, n kò gbọ́ nǹkan kan. Òórùn rọ́bà tó ń jó ló kọ́kọ́ dé imú mi. Mo la ẹnu láti pariwo, táyà bẹ́. Mo rántí pé mo rí ojú ọ̀run, mo rí àpò kòkó nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo dìde, lọ́rì ti kọlu igi ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà. Iwájú lápá òsì ló fi kọlù ú, ibi tí mo ní kí Màmá jókòó sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fọwọ́ ṣẹ́, tó fẹsẹ̀ ṣẹ́. Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ló kú.

Jímọ̀ jókòó sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra. “Ó bi mí pé, Jímọ̀, kí ní í ké kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi yí? Mo ní, Màmá, táyà titun ni, bẹ́ẹ̀ ló é ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí o. Ẹ̀ẹ̀mejì!”

Ká ní èmi ló wà níbẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan tó bá ké ni ǹ bá ti ní kó tẹ búréèkì.

Ìròyìn bá ọ̀gá mi ní Ọ̀yẹ́. Aṣọ ìsìnkú ló wọ̀ wá. Wọ́n ti fi aṣọ bo ìyàwó rẹ̀, ó ṣí i wò, ó dá a padà, ó sì lọ tààrà sídìí táyà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tọ ojú ibi tí bóòtù gé.

“Ìka mélòó?”

“Mẹ́rin, Ọ̀gá.”

“Pẹ̀lú ẹrù?”

“Ní òfìfo, Ọ̀gá.”

“Ta ló yẹ kó jókòó níwájú?”

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. “Ọ̀gá, ojú ló ń tì mí kí wọ́n wà lẹ́yìn.”

Ó ní, “Òjó, ujókòó ọ̀ún éè ṣe ujókòó ọlá. Ujókòó uṣẹ́ ni.” Ó wá jókòó sílẹ̀ ti táyà yẹn, ó sunkún bí n kò ṣe rí ọkùnrin kan kó sunkún rí.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé tó béèrè ẹni tó so táyà, ọ̀gá dìde kí n tó la ẹnu. “Èmi ni mo so ó,” ó wí. “Mo so ó kí n tó lọ Ọ̀yẹ́. Ọmọ yí kàn fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ni.” Jímọ̀ gbójú sílẹ̀, torí bí ọ̀rọ̀ orí igi bá jáde, ara òun náà kò mọ́. Èmi náà gbójú sílẹ̀.

Wọ́n tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó lọ sí Ùsì láti lọ mú ọmọ rẹ̀. Àwọn àna rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n ní ọwọ́ tó so táyà tó pa ọmọ àwọn kò ní tọ́ ọmọ ọmọ àwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ. Nígbà kẹta, Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ rí i lójú ọ̀nà, ó sì sá wọlé. Ọ̀gá sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo bi í pé, “Ọ̀gá, kí ló dé tẹ́ ẹ sọ pé ẹ̀yin ni?”

“Bí mo bá ní ùwọ ni, wọn á lé ọ kúrò nídìí uṣẹ́. Wọn á sì tún ní, ta ló kọ́ ọ? Ẹni tó kọ́ni ló ni àṣìṣe ẹni tó kọ́. Ẹ̀bi ọ̀ún, mo ti gbé e. Ṣùgbọ́n òótọ́ jẹ́ tìrẹ, mèé lè bá ọ gbé ìyẹn. Ọjọ́ tí o bá fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún Bọ́sẹ̀, ọjọ́ náà ni mo máa dá ọ sílẹ̀.”

N kò lọ. Mo ní bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, àwọn ẹgbẹ́ mi gba fírídọ̀ọ̀mù tiwọn, mo bá wọn jó, mo bá wọn mu. Nígbà tí ìtìjú pọ̀ jù, mo kó lọ sí Ọ̀yẹ́, mo la ṣọ́ọ̀bù tèmi láìgbàṣẹ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo, torí àwọn oníbàárà ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi. Fátúyì Apaya ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. “A ò lè gbé ọkọ̀ fún Apaya,” ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á wá gbé e fún èmi tó jẹ́ pé ọwọ́ mi gan-an ló ṣe é. Màá gba ọkọ̀ náà. Ẹ gbọ́ dáadáa o, màá gbà á.

Ọ̀gá Fátúyì kú kí ogun abẹ́lé tó parí. Aládùúgbò kan ló wá pè mí. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ùsì, ẹnikẹ́ni kò wá. Èmi àti àwọn mẹ́rin kan la gbé e, nígbà tí wọ́n sì béèrè ọmọ tó máa bu yèèpẹ̀ sí i, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo bù ú.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Pọ́ọ̀ǹpù ọlọ́wọ́ lọ, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dé. Jáàkì tí à ń yí títí ìgbáròkó á fi dun ni di èyí tí ọmọdé lè tẹ̀. Táyà tí kò ní tíúbù dé. Lọ́rì onípákó wábi gbà, ọkọ̀ kéékèèké kún ìlú, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fẹ́ ẹsẹ̀ ńlá sábẹ́ wọn, kì í ṣe nítorí ẹrẹ̀ mọ́, nítorí fáàrí. Mo bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹfun mi wà níbẹ̀, ìtì igi mi wà níbẹ̀, èmi ni mo sì máa ń jókòó síwájú nínú ìrìn àkọ́kọ́. Bàbá Ìka Mẹ́ta ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, mo ti ń múra àtifẹ̀yìn tì, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi kan tó kù díẹ̀ kó gba fírídọ̀ọ̀mù so táyà ńlá sábẹ́ ọkọ̀ oníbàárà kan. Ó ku kó bá a rin ìrìn àkọ́kọ́. Ìyàwó mi fẹ́ bá wọn dé ọjà. Kí n tó jáde, ọmọ dáadáa yẹn ti bọ́ sílẹ̀, ó ti ṣí ìlẹ̀kùn iwájú: “Màmá, ẹ jókòó síbí.” N kò mọ ìgbà tí mo dé ibẹ̀. Mo fa ìyàwó mi lápá jáde kúrò nínú ọkọ̀ lójú gbogbo ayé, mo ń pariwo bí wèrè. Obìnrin tí n kò jágbe mọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.

Ó jókòó tì mí lẹ́yìn náà, ó ní, “Bàbá Ṣeun, kí ni mo ṣe?” Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kàn béèrè pé, “Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó wà láyé?” Mo ní ó wà ní Ùsì. Ó ní, “Kí lẹ wá jókòó síbí ṣe?”

Bọ́sẹ̀ ti hewú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú ilé rẹ̀, èmi tí mo rí i lórí táyà àlòkù nígbà tó wà lọ́mọ kékeré. Ó ń pariwo pé, “Ẹ dìde, bàbá, ẹ dìde, ẹ má ṣépè fún mi.” N kò dìde. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ti sọ ọ́: bóòtù, ẹfun, òfìfo ọkọ̀, ìjókòó, ohùn tí ìyá rẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn.

“Nígbà tí bàbá mi kú,” ó ní, “ta ló bu yèèpẹ̀ sí wọn?”

“Èmi ni.”

Ó ní, “Èmi ni wọ́n bí fún ùyẹn.” Ó fi etí aṣọ nu ojú. “Wọ́n wá mi wá. Mo rí wọn lójú ọ̀nà yí gan-an, wọ́n gbé búrẹ́dì dání. Mo sá fún bàbá mi.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun ò dárí jì mí. Ó dìde, ó di ìlẹ̀kùn rẹ̀ mú. “Mo ti gbọ́ tèmi. Ìkọ̀lé ńkọ́? Ọ̀yẹ́ ńkọ́? Àwọn tí wọ́n ń pe bàbá mi ní Apaya ńkọ́? Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn.”

Irọ́ lè rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé èmi ni mo ń gbé e lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ táyà, ẹ wá, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣì wà nídìí rẹ̀. Ní ti fírídọ̀ọ̀mù mi, n kò retí rẹ̀ mọ́, ẹni tí ì bá fún mi ti lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ gbé orúkọ burúkú yẹn kúrò lára ọkùnrin náà, kí ẹ sì gbé e wá fún ẹni tó ni ín. Ọlọ́pàá béèrè ẹni tó so táyà iwájú lọ́rì Jímọ̀ lápá òsì, ọ̀gá mi ló sì dáhùn. Mo fẹ́ dáhùn báyìí.

Èmi ni mo so ó.